Ọba Kan Ṣoṣo Tó Kù Lórí Pátákó Dáámè

Àǹtí Sìkírátù ló kọ́kọ́ sọ fún mi bí ẹ̀ka wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú ilé ẹrù ilé-iṣẹ́ wa ní èbúté Tema. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra ni, bíi tèmi, ó sì ti ń ka páálí níbẹ̀ kí n tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó fà mí jókòó sórí páálí kan, ó gbé waakye lé mi lọ́wọ́, ó ní:

“Múfú, jẹun. Wọ́n á sọ fún ọ pé ọgbọ́n ńlá ló bí iṣẹ́ tó o wá kọ́ yìí. Irọ́ ni. Kọ̀ǹténà kan tó dé ní ìlàjì ló bí i.”

Ẹ gbọ́ bó ṣe rò ó. Màdáámù tó ni ilé-iṣẹ́ náà, obìnrin Ga ni, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tà tẹ́lẹ̀ ní ọjà Kaneshie. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rọ géèmù wọlé, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lẹ́nu. Ọkọ̀ òkun kan wá gúnlẹ̀. Wọ́n ṣí kọ̀ǹténà, ẹ̀rọ pé, páàdì pé, wáyà pé, kò sí kásẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan. Ẹni tó tà á fún un lókè òkun kò gbé fóònù mọ́. Ẹ̀rọ kún ilé ẹrù dé òrùlé.

Àǹtí ní, “Gbogbo ọjà ló ń bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní kó kó o dànù. Màdáámù kàn jókòó síbi tó o jókòó sí yẹn, ó ní, ‘Ta ló ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì? Ṣé kì í ṣe ènìyàn ni?’ Ọ̀sẹ̀ kejì ló lọ mú Ọ̀gá Ebo wá.”

Ọ̀gá Ebo ni olórí wa, òun náà ló kọ́ mi níṣẹ́. Ará Fante ni, tíṣà ìṣirò, tó máa ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Dansoman tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó gba kásẹ́ẹ̀tì àlòkù kan lọ́wọ́ Màdáámù, ó tú u, ó tẹjú mọ́ inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fún òun ní kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sínú ṣíìpù, ègé kékeré inú kásẹ́ẹ̀tì tó ń gbé géèmù, àti yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn. Yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Dansoman ni wọ́n fún un. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka géèmù wa. Nígbà tí mo dé, àwa mẹ́ta ni. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà, rédíò aládàáni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ènìyàn ló sì rò pé nǹkan tuntun lè ṣẹlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn. Àǹtí mọ ìyá mi, mo mọ ìṣirò, wọ́n ní kí n wá. Owó oṣù kéré, ó sì ń wọlé. Ó tán.

Ohun tó gùn ni ìkọ́ṣẹ́. Oṣù mẹ́fà gbáko ni Ọ̀gá Ebo kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Ìwé gíráàfù ló fún mi, pẹ̀lú pẹ́ńsù mẹ́rin, àwọ̀ mẹ́rin. Gbogbo ohun tó máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, inú àwọn àpótí kéékèèké orí ìwé yẹn ni mo ti gbọ́dọ̀ yà á: ènìyàn, igi, odi, kẹ̀kẹ́. Àpótí mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóròó. Gẹ̀ẹ́sì àti Twi la jọ ń sọ, èmi ni mo ń yí i sí Yorùbá fún yín.

“Ọ̀gá, ìgbà wo ni mo máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà?”

“Alata,” bó ṣe ń pè mí nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa Yorùbá ní Accra, “àpótí mélòó ló wà lójú ọkùnrin tó o yà yìí?”

Mo bojú wolẹ̀ láti kà á.

“Bó o ṣe ń kà á yẹn, o ò tíì mọ̀ ọ́n. Padà síbi tábìlì rẹ.”

Ẹ má rò pé ìkà ni. Kò pariwo mọ́ mi rí. Ó kàn máa ń dá iṣẹ́ padà ni. Bó o bá yí ìlà kan padà nínú ohun tó o kọ, o gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé o yí i, àti ìdí tó o fi yí i. Bí ìdí náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dá a padà.

Irinṣẹ́ wa nígbà yẹn á pa yín lẹ́rìn-ín. Ṣíìpù tí à ń kọ géèmù sí ní ojú gíláàsì kékeré kan lórí. Bó o bá fẹ́ pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, iná kan báyìí ló wà fún un, wàá gbé e sábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Iná tiwa bàjẹ́, òmíràn kò sì sí ní gbogbo Accra. Ọ̀gá Ebo ní oòrùn náà lè ṣe é, yóò kàn pẹ́ ni. Bá a ṣe ń kó ṣíìpù sínú àtẹ nìyẹn, tá a ń gbé e lọ sórí òrùlé, tá a ń sá a fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá àgbà kan tó ń gbé lódìkejì máa ń wò wá.

“Ṣé ata lẹ̀ ń sá ni?”

“Rárá, Màámi,” Ọ̀gá Ebo dáhùn. “Àṣìṣe là ń sá.”

“Háà! Tiyín mà pọ̀ o!”

Ṣùgbọ́n ohun tó mú ẹ̀ka wa yàtọ̀ sí gbogbo ibi tí mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìdánwò. Bí géèmù bá parí, a ó wá ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, a ó gbé páàdì lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ṣe géèmù yóò jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, ẹnu ní dídì. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ wúkọ́, kò gbọ́dọ̀ mí kanlẹ̀, títí ẹni yẹn yóò fi gbé páàdì sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ohun tó rí sínú ìwé ìdánwò, Ọ̀gá Ebo yóò sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Bó o bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ìdánwò ti bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tuntun, fún oṣù kan.

Géèmù àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe, alángbá kan tó ń gun odi ni. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ dán an wò. Alángbá yẹn lè fò bó o bá tẹ bọ́tìnì pupa. Obìnrin náà kò tẹ ẹ́. Ó ń bá alángbá sọ̀rọ̀: “Gòkè! Gòkè, ọ̀lẹ! Wo bí ikùn rẹ ṣe tóbi!” Èmi ń làágùn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, Ọ̀gá Ebo bi mí pé kí ni mo rí.

“Ọ̀gá, kò tẹ bọ́tìnì pupa.”

“Kò tẹ ẹ́, àbí o ò jẹ́ kó mọ̀ pé ó yẹ kó tẹ ẹ́?”

Mo mú páàdì, mo tún wo bọ́tìnì náà.

“Nígbà tó bá gbé e délé, ìwọ ò ní sí lẹ́yìn rẹ̀,” ó ní. Ó sì dá a padà.

Ọdún bíi mẹ́fà kọjá báyìí. A ti di mọ́kànlá nínú yàrá méjì. Màdáámù wá sọ pé òun fẹ́ géèmù dáámè fún Kérésì. Dáámè ni ohun táwọn ará Nàìjíríà ń pè ní dráàfù. Ní Accra, kò sí ibùdókọ̀ tí kò sí pátákó dáámè lábẹ́ igi kan, pẹ̀lú èèyàn méjì tó ń ta á àti èèyàn mẹ́wàá tó ń bú wọn. Èmi ni wọ́n gbé e fún, nítorí mo ti sọ fún gbogbo wọn pé mo mọ dáámè ta.

Mo mọ̀ ọ́n ta lóòótọ́. Àgbàlá bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò tó wá láti ilé. Níbẹ̀, bó bá ku ọmọ kan ṣoṣo fún ọ, o ṣì lè jà. Bí ọmọ yẹn bá ti di ọba, tó sì sá dé ojú ọ̀nà gígùn tó dábùú pátákó láti igun dé igun, kò sẹ́ni tó lè mú un mọ́. Wọ́n á gbà á ní ọ̀mì, kò séni tó jẹ, kò séni tó kú. Bàbá mi lókìkí nídìí ọgbọ́n yẹn. Mo fi kọ́ ẹ̀rọ wa, mo sì ń yọ̀ lọ́kàn ara mi. Bó bá ku ọba kan fún ẹ̀rọ, ojú ọ̀nà gígùn ló máa forí lé. Tó bá sì ti sáré níbẹ̀ pẹ́, ó máa gbé ìbéèrè kan jáde lójú tẹlifíṣọ̀n: ṣé ká gbà á ní ọ̀mì?

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ní Accra, ẹni tó bá ku ọmọ kan ṣoṣo fún ti kú. Bí wọ́n ṣe ń ta á nìyẹn. Wọ́n bí mi sí Accra, mo dàgbà sí Accra, ṣùgbọ́n nídìí dáámè, mi ò tíì jáde kúrò ní àgbàlá bàbá mi rí.

Ataa Nii ló dán an wò. Awakọ̀ ilé-iṣẹ́ wa ni, àgbà ọkùnrin, ògbóǹtagí nídìí pátákó ibùdókọ̀ Kaneshie. Ọ̀gá Ebo wà níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín eré, Màdáámù pè é sísàlẹ̀. Ó ku èmi àti Ataa Nii.

“Ẹ̀rọ, ṣé o jẹun láàárọ̀ yìí?” Ataa Nii ń bá tẹlifíṣọ̀n wí. “Ta ló rán ọ sí mi? Wò ó, mo tún jẹ méjì! Lọ pe ìyá rẹ wá!”

Ó jẹ ẹ́ títí ó fi ku ọba kan. Ó ju páàdì sórí tábìlì, ó dìde, ó na apá méjèèjì.

“Ó tán! Ẹ gbé òkú rẹ̀ lọ!”

Ọ̀rọ̀ kan ló yẹ kí n kọ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀ yẹn: pé ó gbé páàdì sílẹ̀ nígbà tí eré kò tíì parí. Ìyẹn ni ìdánwò wà fún. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó rí ọgbọ́n bàbá mi. Ọwọ́ mi kúrò lórí orúnkún.

“Kò tíì tán, Ataa. Ẹ lé e.”

“Lé ta ni? Ẹni tó ti kú?”

“Ẹ ṣáà lé e.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ Alata àti wàhálà yín.” Ó tún mú páàdì. Ó lé e díẹ̀, ọba mi ń sá lójú ọ̀nà gígùn, èmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tíì pẹ́ tó kí ìbéèrè ọ̀mì jáde tí wọ́n fi fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ pé ẹrù ti pé. Ó gbé páàdì sílẹ̀, ó lọ. Mo gbọ́ bàtà Ọ̀gá Ebo lórí àtẹ̀gùn.

Bí mo bá kọ òótọ́, oṣù kan ni, Kérésì á sì kọjá. Mo kọ ọ́ pé: “Awakọ̀ borí.” Ọ̀gá Ebo kà á, ó fọwọ́ sí i.

Àwọn ṣíìpù tí wọ́n ń tà fún aráyé, òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n lọ́pọ̀. Ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú wọn, kò sí oòrùn Dansoman tó lè pa á rẹ́. Wọ́n dé Tema, wọ́n wọ ọjà, wọ́n sì tà bí búrẹ́dì gbígbóná fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ọjọ́ karùn-ún, mẹ́káníìkì kan gbé tirẹ̀ kalẹ̀ lórí káńtà wa ní Kaneshie. Mo wà níbẹ̀.

“Ẹ gba ẹ̀rọ yín. Kò mọ ìgbà tó bá ti kú.”

Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní, “Tèmi ńkọ́? Ó ku ọmọ kan fún un, ó ń sá kiri bí adìyẹ. Mo lọ wẹ̀, mo dé, ó ṣì ń sá. Ó wá ń bi mí pé ṣé ká gbà á ní ọ̀mì! Èmi! Níwájú àwọn àna mi!”

Ibi tí mo dúró sí ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, páálí tó padà wá ju èyí tó jáde lọ, bó ṣe rí lójú Àǹtí Sìkírátù, nítorí àwọn kan kó géèmù mìíràn mọ́ ọn láti fi bú wa.

Màdáámù pè wá jọ sí ilé ẹrù. Àwa mọ́kànlá dúró láàárín páálí. Ataa Nii ti gbé ẹrù lọ sí Kumasi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màdáámù jókòó, kò gbóhùn sókè.

“Ebo, ìdánwò tẹ́ ẹ máa ń ṣe yẹn, ṣé ẹ ṣe é?”

“A ṣe é, Màdáámù.”

“Kí ló wà nínú ìwé?”

Ọ̀gá Ebo ṣí i. Ó kà á bó ṣe wà: “Awakọ̀ borí.”

“Ẹ gbọ́,” Màdáámù ní. “Bó bá jẹ́ àṣìṣe ẹnì kan, ẹni yẹn yóò lọ, ẹ̀yin tó kù á ṣàtúnṣe. Bó bá ju ẹnì kan lọ, a jẹ́ pé ẹ̀ka yìí kò mọ iṣẹ́ mọ́. Màá ta àwọn kọ̀ǹpútà, màá padà sídìí rédíò mi. Ta ló fọwọ́ sí ojú ìwé yìí?”

Ọ̀gá Ebo wò mí. Kò pẹ́, bí ènìyàn ṣe ń wo aago ni. Mo wo ilẹ̀.

“Èmi ni,” ó ní. “Èmi nìkan.”

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Màdáámù ti wo gbogbo wa, tó sì ní Alata ni kó máa darí, nítorí nínú àwa tó kù, èmi ni mo pẹ́ jù.

Mo bá a níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ trotro.

“Ọ̀gá, èmi ni mo ṣe é. Mo sọ̀rọ̀.”

“Mo mọ̀. Nii ti sọ fún mi kó tó lọ láàárọ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún Màdáámù.”

“O gbọ́ ohun tó sọ. Àwa méjèèjì, ó ju ẹnì kan lọ nìyẹn. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù ńkọ́? Padà wọlé, kó o tún dáámè ṣe. Bó bá yá, wàá sọ ọ́.”

“Ìgbà wo, Ọ̀gá?”

Méètì tó ń gba owó ọkọ̀ ń pariwo orúkọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀gá Ebo gbé báàgì rẹ̀ sí itan, ọkọ̀ lọ.

Mo tún dáámè ṣe. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo gbé ìwé lọ sí ibùdókọ̀ mẹ́ta, mo jókòó lábẹ́ igi, mo jẹ́ kí wọ́n bú mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ mi. Kásẹ́ẹ̀tì kejì yẹn ló gbé ilé-iṣẹ́ wa dúró.

Irinṣẹ́ ń yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Ṣíìpù di disíìkì, disíìkì di káàdì tí kò tó èékánná. Ìwé gíráàfù kúrò lórí tábìlì. A bá dumsor yí, iná ń lọ, iná ń dé, a sì kọ́ géèmù wa láti rántí ibi tó dé kí tẹlifíṣọ̀n tó kú. Ìgbà tó tún yá, o lè ṣàtúnṣe àṣìṣe láti orí àga rẹ, kó dé ilé oníbàárà kó tó jẹun tán. Àwọn ọmọ tó bá mi ṣiṣẹ́ kò lè mọ bí ó ti rí kí àṣìṣe rẹ wà nínú páálí ní gbogbo ìlú. Ìdánwò nìkan ni mi ò jẹ́ kó yí padà. Ọwọ́ lórí orúnkún, ẹnu ní dídì. Wọ́n ní mo le jù.

Nínú yàrá wa, bí ẹnì kan bá gbàgbé òfin eré kan, wọ́n á ní, “Ó ti ṣe Ebo.” Ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ́dọ̀ wa, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tó ń ṣe géèmù ní Accra, àwọn tí kò rí Ọ̀gá Ebo rí. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan níbi ìpàdé kan, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Ebo padà sídìí iṣẹ́ tíṣà nílùú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ kí i. A sọ̀rọ̀ nípa ìṣirò, nípa orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Nígbà tó kú, mo lọ síbi ìsìnkú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ọ̀gbẹ́ni, wọ́n ní Dádì ló ba dáámè jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?”

“Dádì rẹ mọ iṣẹ́ púpọ̀,” mo ní. Òótọ́ ni. Ó wò mí títí, ó dúpẹ́, ó padà sáàárín àwọn ènìyàn rẹ̀.

Nígbà tí fóònù wá kó gbogbo eré sínú ara rẹ̀, ẹ̀rọ wa kò tà mọ́. Màdáámù ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ ló ti ẹ̀ka pa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mo fẹ̀yìn tì láìtíì pé ọgọ́ta ọdún. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ mi lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọdún méjì sì tún kọjá kí n tó mú bírò. Lónìí, ẹ ti rí i kà: Ebo kọ́ ló ba dáámè jẹ́. Èmi Múfútáù ni. Ẹ̀dà kìn-ín-ní ìwé yìí ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá iṣẹ́ géèmù dára láti kọ́, ó dára. Ó mú mi jẹun, ó mú mi rẹ́rìn-ín, ó kọ́ mi láti máa wo ènìyàn láìdá wọn lẹ́kun. Mi ò ní sọ fún yín pé ẹ má ṣe é.

Ọ̀kan ló kù tí mi ò mọ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá a lóhùn. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì kejì tà, tí ẹ̀ka sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí Màdáámù fi mí hàn fún àwọn àlejò pé èmi ni ọwọ́ ọ̀tún òun. Ẹ̀ẹ̀mejì tí mo jókòó ti Ọ̀gá Ebo nílé rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ bi mí. Nínú gbogbo wọn, èwo lójú tiyín ni “bó bá yá” tí Ọ̀gá Ebo wí yẹn?